Páàdì Tuntun Tí Kọ́láwọlé Dá Padà

Ọjọ́ tí wọ́n gbé Olúṣọlá délé láti ilé ìwòsàn, ti irin ti báńdéèjì lẹ́sẹ̀ òsì, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè kì í ṣe omi, kì í sì í ṣe ọmọ. Ó jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Gọ́ọ̀fù mi ńkọ́?"

Fọláṣadé, ìyàwó rẹ̀, gba ọ̀pá ìtilẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé wọn ti ògiri, ó wọ ilé ìdáná lọ, ó sì dúró síbẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Ó mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu nígbà yẹn, ohun tó máa jáde níbẹ̀ ni gbogbo àwọn aládùúgbò tó ń kí wọn kú ewu lójúde máa gbé lọ sílé. Ṣé èèyàn á lọ kú tán sórí irin, Ọlọ́run á dá a padà, irin yẹn náà lá tún máa bèèrè?

Mọ́tò Gọ́ọ̀fù tí à ń wí yìí, ẹ̀yìnkùlé ẹnì kan ní Alajue nílùú Ẹdẹ ni Olúṣọlá ti rí i. Adìẹ ló ń yé sínú rẹ̀. Koríko ti gba inú ilẹ̀kùn rẹ̀ yọ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ti di òkú. Ẹni tó ni ín rò pé Olúṣọlá fẹ́ tú u tà fún àwọn oní-irin ni. Iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni Olúṣọlá ń ṣe, àwọn ńlá ńlá tó ń tanná fún hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìwòsàn. Àmọ́ bó bá ti di òpin ọ̀sẹ̀, tó bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, abẹ́ Gọ́ọ̀fù ló ń wọ̀. Ó tú u palẹ̀ dé egungun. Ó yọ ìjókòó ẹ̀yìn dànù, ó yọ kápẹ́ẹ̀tì, ó yọ ẹ̀rọ amúlétutù, ó ní ẹrù lásán ni gbogbo wọn. Ó gbé ẹ́ńjìnnì tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i, ó so tọ́bò mọ́ ọn, èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, ó sì pààrọ̀ sípíríǹgì rẹ̀ sí èyí tó le bí òkúta. Ó wá ní kí wẹ́dà fi páìpù tó nípọn ṣe àgò irin sínú rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí òrùlé má baà tẹ̀ mọ́ awakọ̀ lórí bí mọ́tò bá dojú dé. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní àgò adìẹ Bàbá Tèmi, torí Tèmilọlá ni orúkọ ọmọ wọn.

Gbogbo làálàá yìí, nítorí pápá kan tó wà lọ́nà Sekona ni. Ilẹ̀ gbọọrọ kan ni, tí ẹnì kan da ọ̀dà sí nígbà tó fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́, tí ilé iṣẹ́ náà ò sì wá mọ́. Àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò láti Ẹdẹ, Òṣogbo àti Ìbàdàn máa ń háyà rẹ̀ ní Sátidé kan lóṣù. Wọ́n á fi táyà àlòkù la ọ̀nà sí i, wọ́n á sì máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á yí i po. Wọn kì í bá ara wọn sáré. Aago ni kálukú ń bá sáré. Ọjọ́ pápá ni wọ́n ń pè é.

Fọláṣadé ò fẹ́ràn rẹ̀, kò sì fi pamọ́. Ẹja àrọ̀ ló ń sìn lẹ́yìnkùlé, ó sì máa ń sọ pé ẹja òun ń jẹun kó lè sanra, mọ́tò ọkọ òun ń jẹun kó lè rù. Ṣùgbọ́n ó ti bá a gbé pẹ́ débi pé ó mọ iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn ọjọ́ pápá kọ̀ọ̀kan, ọkọ rẹ̀ á tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á wo páàdì bíréèkì tó ń di ẹsẹ̀ mọ́tò mú kó lè dúró, á fa omi bíréèkì àtijọ́ jáde, á da tuntun sí i. Èèyàn méjì ló ń ṣe ìyẹn. Fọláṣadé ló máa ń jókòó síwájú tí yóò máa fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, tí ọkọ rẹ̀ á máa wí lábẹ́ mọ́tò pé, "Tẹ̀ ẹ́. Mú un mọ́lẹ̀. Tú u sílẹ̀." Ó ti rí páàdì tuntun tó nípọn bí àtàǹpàkò, ó ti rí èyí tó jẹ tán tó ku pẹlẹbẹ bí bisikíìtì. Ó sì mọ̀ pé ọkọ òun kì í gbé èyí tó bá ti jẹ dé ìdajì lọ sí pápá.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà ò fi yé e nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé bíréèkì ni kò mú. Wọ́n ní ọ̀sán ni. Olúṣọlá bọ́ sójú ọ̀nà tó gùn jù, ó fi eré lé e, ó dé ibi tó yẹ kó ti rọra kó tó yà, ó tẹ bíréèkì, irin ń han, mọ́tò ò dúró. Ó já òkìtì táyà kọjá, ó lọ forí sọ kọ́fáàtì, odi kọnkéré ojú àgbàrá tó wà létí pápá. Àgò irin yẹn ni kò jẹ́ kí orí rẹ̀ fọ́. Ẹsẹ̀ òsì ló kán.

Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà nílé ìwòsàn ní Òṣogbo, kò sí ọjọ́ tí Kọ́láwọlé ò wá. Kọ́láwọlé yìí, ọ̀rẹ́ Olúṣọlá láti kékeré ni, òun ló dúró tì í lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Kọngílá tó ń kọ́lé ni, Gọ́ọ̀fù irú ti Olúṣọlá gan-an ló sì ń gbé lọ sí pápá. Á gbé ọbẹ̀ ata ìyàwó rẹ̀ wá nínú kúlà, á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á máa fi aṣọ nu iwájú orí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Fọláṣadé ti gbàdúrà fún ọkùnrin náà títí. Ó ti sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé ọ̀rẹ́ tó ju ọmọ ìyá lọ nìyẹn.

Àmọ́ lọ́jọ́ kan tó sáré wálé wá kó aṣọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá, ó sì rí Gọ́ọ̀fù lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin. Kò sí táyà kankan lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó yọjú wo inú: ìjókòó awakọ̀ ti lọ, sítíárìn ti lọ. Bọ́nẹ́ẹ̀tì wà ní ṣíṣí, ibi tí tọ́bò wà ti di ihò. Wọ́n ti tú gbogbo bíréèkì iwájú. Bí ẹran tí igún jẹ kù ló rí.

Ìyá àgbà Àwáwù, tí ojúde wọn kọjú síra, ló sọ fún un. "Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ẹ tó wọ́ mọ́tò wá láti pápá ni wọ́n tú u. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn ń bá a tọ́jú wọn ni."

Fọláṣadé ti ń ronú àtipe àwọn oní-irin tẹ́lẹ̀ kí wọ́n wá wọ́ mọ́tò náà lọ kí ọkọ rẹ̀ tó délé. Bó ṣe dúró níwájú òkú irin yẹn, inú rẹ̀ yí padà. Mọ́tò tó kórìíra ni, àmọ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀ wà lára gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ẹni tí kò tíì kú, tó dùbúlẹ̀ tó ń kérora, wọ́n ti ń pín ogún rẹ̀. Ó gbé e mì. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀ nílé ìwòsàn.

Nígbà tí Olúṣọlá wá délé, tó bèèrè mọ́tò, tí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ gbéra fúnra rẹ̀, ó tọ ẹ̀gbẹ́ ilé lọ. Fọláṣadé tẹ̀lé e. Ọkùnrin náà dúró, ó wò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbé ọwọ́ lé òrùlé bí ẹni ń kí ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá, ó ní, "Ó dáa. Ó dáa."

"Kò dáa," ni Fọláṣadé wí. "Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa dá padà."

Ilé Olúfẹ́mi ló kọ́kọ́ lọ. Olúfẹ́mi ń ta fóònù nísàlẹ̀ ọjà, ó sì páàkì mọ́tò síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìjókòó Olúṣọlá ló wà nínú rẹ̀, pupa fòò.

"Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀. Mo ti ń rò ó pé màá wá. Mò ń bá Ṣọlá tọ́jú ẹ̀ ni."

"Inú mọ́tò tiyín lẹ ti ń bá a tọ́jú ẹ̀?"

"Kí eruku má baà bà á jẹ́ ni."

"Ẹ ṣeun. Ẹ tú u."

"Ní báyìí?"

Fọláṣadé fa àpótí kan, ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó kó ọwọ́ lé itan. "Mi ò kánjú," ló wí. Àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń wò ó. Nígbà tí Olúfẹ́mi rí i pé kò ní dìde, ó wá sípánà. Fọláṣadé gbé ìjókòó náà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó jókòó tì í, ó dì í mú títí dé ilé.

Bó ṣe ń ṣe nìyẹn láti ilé dé ilé. Àwọn kan bú u lẹ́yìn pé ìyàwó Ṣọlá ti di agbowó-gbèsè. Àwọn kan sáré kó nǹkan wá kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Kọ́láwọlé wà lára àwọn tó kó wá fúnra wọn. Ó gbé àpò ìrẹsì kan sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: tọ́bò, sítíárìn, àti bíréèkì iwájú méjèèjì. Ó gbàdúrà gígùn lé Olúṣọlá lórí. Ó ní òun gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ojú wọn ò mọ́ ni. Fọláṣadé dúpẹ́, ó fún un lómi.

Nígbà tó lọ tán ni Olúṣọlá kó ọwọ́ sínú àpò náà. Ó mú bíréèkì kan jáde, ó yí i wò. Páàdì tó wà nínú rẹ̀ nípọn bí àtàǹpàkò. Ìwé tí ilé iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ọn, ojú rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tó gbọ́ ìròyìn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Gbé e padà síbẹ̀," ló wí.

"Bàbá Tèmi, tuntun nìyí."

"Mo rí i."

"Tuntun kọ́ ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tú u. Ẹ ti lò ó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Olè wo ló ń kó àlòkù lọ, tó ń dá tuntun padà?"

"Kọ́lá kì í ṣe olè," ni Olúṣọlá wí, ó sì yí ojú sógiri.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí Fọláṣadé gbádùn. Òun ò sọ pé Kọ́lá jalè. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ibi tí páàdì ti tẹ́lẹ̀ wà, àti ohun tó fà á tí ẹnì kan ò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Ó ku táyà tí kò tíì gbà. Ọ̀dọ̀ Najeem ló wà, ọmọkùnrin kan tó ń ta táyà ní oríta Sekona, tó sì máa ń bá wọn pààrọ̀ táyà lọ́jọ́ pápá. Fọláṣadé gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Najeem ò bá a jiyàn rárá. Ó ti to táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, ó ti fọ̀ wọ́n.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Wọ́n ní kí n kó wọn sọ́dọ̀ ni. Mi ò lò wọ́n."

"Mo gbà ọ́ gbọ́," ni Fọláṣadé wí. "Najeem, ta ló fọwọ́ kan bíréèkì ọkọ mi lọ́jọ́ yẹn?"

Najeem bẹ̀rẹ̀ mọ́ táyà kan, ó ń fa okùn tí kò yẹ ní fífà. "Àǹtí, mi ò fẹ́ wàhálà."

"Wàhálà ti dé. Ẹni tó gbé e wá ni mò ń wá."

Ọkọ̀ tírélà kan kọjá, ariwo rẹ̀ gba gbogbo oríta. Nígbà tó lọ tán, Najeem jókòó sórí táyà, ó sì sọ ọ́. Ó ní lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Bọ̀dá Ṣọlá wọ Sekona lọ ra epo sínú kẹ́ẹ̀gì. Páàdì Bọ̀dá Kọ́lá ti jẹ tán, àmọ́ ọmọ Ìbàdàn kan ti fi díẹ̀ yára jù ú lọ, kò sì lè gbà. Ó fi jáàkì gbé mọ́tò Bọ̀dá Ṣọlá, ó yọ páàdì inú rẹ̀, ó kó o sí tirẹ̀. Ó wá kó àlòkù tirẹ̀ sí ti Bọ̀dá Ṣọlá kó má baà wà lófìfo. Ó ní òun á dá a padà kí onímọ́tò tó dé.

"Ó sáré tirẹ̀, ó borí ọmọ Ìbàdàn. Inú ẹ̀ dùn, wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni Bọ̀dá Ṣọlá dé, tí wọ́n pe nọ́ńbà ẹ̀ pé òun ló kàn."

"Kọ́lá wà níbẹ̀?"

"Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà."

"Ó rí i?"

"Ó rí i nígbà tó ń de àṣíborí. Ó rí i nígbà tó wọ mọ́tò. Ọwọ́ Bọ̀dá Kọ́lá wà nínú àpò, ó ń wò ó." Najeem nu ojú. "Mo rò pé ó ti sọ fún un ni, Àǹtí. Mo rò pé wọ́n ti jọ sọ ọ́."

"Lẹ́yìn tó ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ta lo sọ fún?"

Najeem dìde, ó ń yí táyà lọ sétí títì. Fọláṣadé ò dúró de èsì. Ó pe kẹ̀kẹ́ Márúwá kan, ó kó táyà sínú rẹ̀. Ọbẹ̀ ata inú kúlà ló ń rò. Aṣọ tí ọkùnrin yẹn fi ń nu iwájú orí ọkọ rẹ̀ ló ń rò. Gbogbo àdúrà tó ti gbà fún un, bí ó bá ṣeé pọ̀ jáde, ì bá dúró lójú títì pọ̀ ọ́.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti bá Olúṣọlá, tó gbé bíréèkì lé itan, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì fọ̀ ọ́.

"Ẹ mọ̀," ni Fọláṣadé wí.

Kò bi í pé kí lòun mọ̀. "Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti orí bẹ́ẹ̀dì. Èmi ni mo fi ọwọ́ mi dè é, Ṣadé. Mo mọ bó ṣe máa ń mú. Mọ́tò Kọ́lá nìkan ni páàdì ẹ̀ sì lè wọ tèmi. Bí mo ṣe ń jáde ni mo ti gbọ́ tó ń ha, mo rò pé iyanrìn ni. Ó yẹ kí n dúró. Èmi náà lẹ́bi."

"Ẹ̀bi wo? Ṣé ẹ̀yin lẹ yọ páàdì ara yín?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni. Odò Ọ̀ṣun la ti jọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, ta ló kù fún mi?"

"Ó dúró létí odò, ó ń wò yín bẹ́ ẹ ṣe ń rì."

Olúṣọlá ń fọ irin. "Ó ń bọ̀ lójoojúmọ́. O rí i."

"Mo rí i. Ó ń wá wò ó bóyá ẹ ti mọ̀ ni."

Lọ́jọ́ yẹn, ó fún ẹja lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì torí kò rántí pé òun ti fún wọn. Ó wo omi bó ṣe ń ru, ẹja ń gun ara wọn, ó sì mọ̀ pé bí òun bá gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé Kọ́láwọlé, ìyàwó rẹ̀ á kúnlẹ̀, wọ́n á pe àgbààgbà, àgbààgbà á ní kí wọ́n bo àṣírí. Ọ̀rọ̀ náà á sì kú síbẹ̀. Ẹlòmíràn á wọ mọ́tò tí wọ́n ti yọ nǹkan nínú rẹ̀. Ó dúró de ọjọ́ pápá.

Tawheed ló ń ṣètò pápá, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan tó máa ń kó gbogbo awakọ̀ jọ láàárọ̀, á ka òfin fún wọn kí ẹnikẹ́ni tó ṣíná mọ́tò. Wọ́n pagbo yí i ká lọ́jọ́ náà nígbà tí Fọláṣadé sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ti aṣọ tó wọ̀ lọ sídìí ẹja. Kọ́láwọlé rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí i.

"Ìyàwó wa. Ṣọlá ńkọ́?"

Fọláṣadé ò kí i. Ó kọjú sí Tawheed. "Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan kẹ́ ẹ tó jáde."

Tawheed yà fún un.

Ó mú páàdì tuntun kan jáde nínú àpò rẹ̀, ó gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i. "Bíréèkì ọkọ mi ni wọ́n tú lọ lẹ́yìn tó forí sọ kọ́fáàtì. Nígbà tí wọ́n máa dá a padà, èyí ló wà nínú ẹ̀." Ó yí sí ọkùnrin náà. "Kọ́láwọlé, níbo lo kó àlòkù tìrẹ sí?"

Gbogbo wọn gbọ́ "lo" yẹn. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ọkọ rẹ̀, "ẹ" ló ń bá ọkùnrin yìí sọ. Ẹ̀rín kú lójú Kọ́láwọlé.

"Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Mi ò lọ síbì kan. Ìwọ lo yọ páàdì Ṣọlá nígbà tó lọ ra epo. Àlòkù rẹ lo kó sí i. O dúró síbí, ó ń de àṣíborí, o ń wò ó. O ò sọ fún un."

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Màdáámù, ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ nínú ilé."

"Ìta ni wọ́n ti kán ọkọ mi lẹ́sẹ̀," ni Fọláṣadé wí, kò wẹ̀yìn. "Ìta náà la ó ti yanjú ẹ̀."

Kọ́láwọlé wo ilẹ̀. Ó wo Najeem, Najeem gbé ojú kúrò. Ó ní, "Mo rò pé á gbà á. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló fẹ́ yí i po. Mo rò pé á gbà á, tó bá dé, màá kó o padà."

"Nígbà tó ń jáde lọ, o fẹ́ pè é?"

"Mo fẹ́ pè é."

"Kí ló dí ọ lẹ́nu?"

Ohun tó dí i lẹ́nu hàn sí gbogbo wọn: wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́wọ́ nígbà náà, bó bá sì pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn á mọ páàdì ẹni tó fi borí.

"O bá a nu ojú nílé ìwòsàn," ni Fọláṣadé wí. Ohùn rẹ̀ ò ga rárá, ìyẹn ló sì bani lẹ́rù. "Mo fún ọ lómi mu nílé mi. Má tún wá síbẹ̀ mọ́."

Tawheed ò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí Kọ́láwọlé fún òun ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó má sì padà wá sí pápá mọ́. Ó wá fi òfin kún òfin, pé ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan mọ́tò tí onímọ́tò ò sí nítòsí, ó ti kúrò láàárín wọn. Àwọn kan gbà. Àwọn kan ń kùn pé obìnrin wá fi ọkùnrin wọ́lẹ̀ níta gbangba. Fọláṣadé gbọ́, ó gun ọ̀kadà rẹ̀ padà sílé.

Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ délé. Olúṣọlá dúró lórí ọ̀pá méjèèjì.

"O ti gba ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ mi," ló wí.

"Ẹ ti pàdánù ẹ̀ lọ́jọ́ tó ki ọwọ́ bọ àpò tó ń wò yín. Mo kàn sọ fún yín ni."

Kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Obìnrin náà ò sì bẹ̀ ẹ́. Ibi tí ìbínú méjèèjì ti wá pàdé ni ẹ̀gbẹ́ Gọ́ọ̀fù. Olúṣọlá fẹ́ tún un ṣe, ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó lè wọ abẹ́ rẹ̀, kò sì ní pe ẹlòmíràn. Ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jókòó. Fọláṣadé wọ ṣòkòtò àtijọ́ kan, ó wọ abẹ́ mọ́tò. Orúkọ irin nìkan ni wọ́n ń bá ara wọn sọ.

"Sípánà mẹ́tàdínlógún."

"Ó ti dípẹtà."

"Lù ú."

Ó lù ú. Ó lu àwọn nọ́ọ̀tì míì ju bó ṣe yẹ lọ, ọkọ rẹ̀ ń gbọ́, kò sì sọ pé kó rọra. Wẹ́dà wá, ó na iwájú mọ́tò tó ti wọlé, ó gé páìpù àgò tó ti tẹ̀, ó jó òmíràn síbẹ̀. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé e padà. Wọ́n so tọ́bò. Nígbà tí wọ́n máa da omi bíréèkì sí i, Fọláṣadé ló wà lábẹ́, Olúṣọlá ló jókòó síwájú tó ń fẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́. Fọláṣadé ló ń wí lábẹ́ mọ́tò pé, "Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ mú un mọ́lẹ̀," ọkọ rẹ̀ sì ń ṣe bó ṣe wí. Ibẹ̀ ló ti sọ gbólóhùn àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ti irin.

"Mo bínú sí i, Ṣadé. Má rò pé mi ò bínú. Mi ò kàn mọ ibi tí màá gbé e sí ni."

Fọláṣadé mú nọ́ọ̀tì náà le kó tó dáhùn. "Ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Àyè ṣì wà."

Kọ́láwọlé wá lẹ́ẹ̀kan, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti àlùfáà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Olúṣọlá gbé e dìde, ó ní òun ti dárí jì í, omi sì bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Àlùfáà yí sí Fọláṣadé, ó ní kí òun náà sọ ti ẹnu rẹ̀.

"Mo ti gbọ́ yín, sà," ni Fọláṣadé wí. Ó gbé omi fún wọn, kò jókòó. Kò sí ohun tí àlùfáà lè fà jáde lẹ́nu rẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Nígbà tí ẹsẹ̀ òsì Olúṣọlá ti lè tẹ kúlọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé Gọ́ọ̀fù lọ sí pápá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan jẹ́ funfun, bọ́nẹ́ẹ̀tì jẹ́ dúdú, wọn ò tíì kùn ún. Nígbà tí Olúṣọlá lọ kí àwọn èèyàn, Fọláṣadé dúró ti mọ́tò, ó di sípánà táyà mú. Olúfẹ́mi fẹ́ wá wo inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó rí ojú rẹ̀, ó sì gba ibòmíràn lọ. Fọláṣadé mú nọ́ọ̀tì táyà kọ̀ọ̀kan le, ó tún padà mú wọn le. Ó dùbúlẹ̀ sórí ọ̀dà, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo páàdì láàárín ẹsẹ̀ táyà. Nígbà tí wọ́n pe nọ́ńbà ọkọ rẹ̀, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ de àṣíborí fún un.

Ó lọ síbi ọgbà, ó dúró síbi tí wọ́n ní Kọ́láwọlé dúró sí lọ́jọ́ yẹn. Láti ibẹ̀, èèyàn rí awakọ̀ kedere, kódà ó rí bó ṣe ń fa bẹ́líìtì. Èèyàn á pè é, á gbọ́. Ìbínú yẹn ò tíì lọ. Ó ti rò pé bí òun bá sọ ọ́ síta, bí mọ́tò bá dìde, á lọ. Ó gbá irin ọgbà mú, ó sì jẹ́ kí ìbínú náà wà níbẹ̀.

Gọ́ọ̀fù yí pápá po pẹ̀lú ariwo, ó dé ojú ọ̀nà tó gùn, ó dé ibi kọ́fáàtì. Iná pupa ẹ̀yìn rẹ̀ tàn. Imú mọ́tò tẹ̀ síwájú, ó rọra, ó yà.

Nígbà tó wọlé tó dúró, èéfín bíréèkì ń jáde lẹ́sẹ̀ táyà. Olúṣọlá tú àṣíborí, òógùn ti bò ó, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e délé.

"Ó mú," ló wí. "Ṣadé, ó mú gan-an. Ẹ̀ẹ̀kan sí i."

Fọláṣadé ti gbé jáàkì dání.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀ ná," ló wí, "kí n wò ó."